Àwọn Ìwé Tó Bí Ará Ọ̀wọ̀ Nínú

Ìwé tí kò dùn kì í pa ènìyàn lára. Bí ó bá ti sú wa, a ó pa á dé, a ó jù ú sí ìdí àpótí, ó di oúnjẹ eku. Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ìwé tí a kà tí ara wa ta, tí a bú ẹni tó kọ ọ́, tí a sì tún tọ́jú rẹ̀ pamọ́ dáadáa kí a lè máa fi ojú ewé tó bí wa nínú han àlejò. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú tó wà ní ẹkùn Ọ̀sẹ́. Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi, Ìfọ́n ni ìyá mi, nítorí náà ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn mí. Ẹ ó sì rí i níwájú pé kì í ṣe ojú ewé kan náà ló bí ilé bàbá mi àti ilé ìyá mi nínú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ tàbí òpùrọ́ ni àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí o. Akínkanjú ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń bú wọn kò lè ṣe ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni ìdí tí ìwé wọn fi já wa kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà. Ní Sierra Leone ni wọ́n bí Àlùfáà Samuel Johnson ní 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ó ṣe olùkọ́ àti oníwàásù ní Ìbàdàn, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tó ń ru iṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn jagunjagun títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886 láti fi òpin sí ogun Kírìjí. Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn ńlá kan. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì rí i kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, kí òun náà tó kú ní 1920. Ní 1921 ni The History of the Yorubas jáde, ojú ewé rẹ̀ lé ní 600. Bí ẹ bá ronú sí wàhálà tí ìwé yìí rí kó tó dé ọwọ́ wa, ẹ ó mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn fi ẹnu yẹpẹrẹ rẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo olùkọ́ kan ní Ọ̀wọ̀ láyé ìgbà náà. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ó ń fi ṣílè kan, ṣílè méjì pamọ́ títí ó fi rí ìwé náà rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Johnson ti ṣàròyé pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ nǹkan kan nípa ìtàn ilẹ̀ bàbá wọn. Olùkọ́ wa mi orí, ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó ń ṣí i lọ títí ó fi kan ibi tí Johnson ti ka àwọn ọmọ Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, tí wọ́n lọ tẹ ìlú dó tí wọ́n sì di ọba. Méje ni wọ́n: Olówu, Alákétu, ọba Bìní, Ọ̀ràngún Ìlá, Oníṣábẹ̀, Olúpópó àti Ọ̀rányàn. Ó tún wọn kà, bóyá ojú rẹ̀ ló fo nǹkan. Ojú kò fò. Ọlọ́wọ̀ kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré ni pé Òjúgbẹ̀lú tó jẹ Ọlọ́wọ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Odùduwà ni. Wọ́n ní ó lọ sí oko ọdẹ nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pín ogún, tó jẹ́ pé nígbà tó fi dé, wọ́n ti pín in tán. Wọ́n ní ọmọ tó ní ọ̀wọ̀ ni, láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú sì ti jáde. Ìmàdé ọmọ rẹ̀ ló kó àwọn ènìyàn dé orí òkè tí a ń pè ní Òkè Ìmàdé títí di òní. Nígbà tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ dá ilé-ìwé gíga tiwọn sílẹ̀ ní 1946, orúkọ Ìmàdé yìí ni wọ́n fún un, ibẹ̀ ni Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ tí ó tó láti fi sọ ilé-ìwé, kò tó láti fi sínú ìwé.

Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ni Johnson ṣẹ̀. Àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ kà á pé ọmọ ẹrúbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ ni Ọọ̀ni ti ṣẹ̀ wá, inú wọn ru. Àwọn Ìjẹ̀bú kà á níbẹ̀ pé àwọn kan ní orúkọ wọn ti ara ‘ìjẹ ibú’ wá, pé ìran àwọn tí ọba Bìní fi bọ òkun ni wọ́n. Àní kí ẹ gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka iwájú ọmọ Ìjẹ̀bú kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀! Ṣùgbọ́n ní tèmi o, mo máa ń sọ pé ìbínú tiwọn sàn ju tiwa lọ. Ẹni tí wọ́n bú rí ohun tí yóò dáhùn. Ó lè sọ pé irọ́ ni, ó lè kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ó lè mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹni tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ rárá ńkọ́? Kí ni yóò sọ pé irọ́ ni?

Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á. Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹnu àwọn arọ́kin ni òun ti gba ìtàn ayé àtijọ́, ẹnu àwọn tó fojú rí i ni òun sì ti gba ti ayé tó sún mọ́ tòsí. Arọ́kin Ọ̀yọ́, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ka oríkì àti ìtàn àwọn Aláàfin. Ẹni tó bá jókòó sí ààfin Ọ̀yọ́ tó ń wo ìhà ìlà oòrùn, igbó pọ̀ láàárín òun àti Ọ̀wọ̀. Mo ti dárí ji Johnson tipẹ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé ó pe ìwé náà ní ìtàn gbogbo Yorùbá. Ká ní ó pè é ní ìtàn Ọ̀yọ́ ni, a kì bá tí ka àwọn ọmọ Odùduwà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìwé mìíràn dé tí Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. A wá rí i pé kéèyàn wà nínú ìwé náà ní ewu tirẹ̀.

Jacob Egharevba ará Bìní ló kọ ọ́. Èdè Ẹdó ni ó fi kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1933, ó sì tún kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, A Short History of Benin. Ìwé kékeré ni, kò ga bí ti Johnson, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Bìní lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe dúdú, tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún un tẹ̀ léraléra kí òǹkọ̀wé náà tó kú ní 1981. Nínú rẹ̀, Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ọwọ́ ọba Bìní tó, tí ó ń sìn ín. Ó sọ ìtàn Ọ̀ṣọ́gbóyè, ọmọ ọba Ọ̀wọ̀ tí wọ́n rán lọ sí ààfin Bìní láti lọ kọ́ ìṣe ọba, tí bàbá rẹ̀ wàjà, tí ó sì kúrò ní Bìní wá jẹ Ọlọ́wọ̀ láì gba àṣẹ, tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó ṣòro nípa ìtàn yìí ni pé Ọ̀wọ̀ náà ń sọ ọ́! Kò sí ọmọ Ọ̀wọ̀ tó gbọ́ ìtàn tí yóò sọ fún ẹ pé Ọ̀ṣọ́gbóyè kò dé Bìní. Ó dé ibẹ̀, ó gbé ibẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ nǹkan ọba ti ibẹ̀ bọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ń jà sí. Bìní ní ìránṣẹ́ tó sá lọ ni. Ọ̀wọ̀ ní àlejò ọlọ́lá tó lọ kọ́gbọ́n tó sì padà sílé bàbá rẹ̀ ni, pé Bìní gbógun wá lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ṣẹ́gun Ọ̀wọ̀ rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ náà rìn. Nígbà tí ìwé wá jáde, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń gbọ́.

Ẹ̀dà kan ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìbátan bàbá mi kan tó ṣiṣẹ́ olùkọ́. Pẹ́ńsù rẹ̀ kò sinmi nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti dárúkọ Ọ̀wọ̀ pé ó ń sin Bìní, ó kọ ‘Irọ́!’ sí etí ìwé, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé náà. Nígbà tí mo wá ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí Egharevba ti sọ pé àwọn ará Bìní ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ pé kí ó fún àwọn ní ọba, tí ó sì fi Ọ̀rányàn ránṣẹ́ sí wọn, mo bá ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ ní ọwọ́ kan náà: ‘Ó jẹ́wọ́.’ Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Òǹkọ̀wé kan náà ni o, ìwé kan náà, agbọ̀rọ̀sọ kan náà bóyá. Níbi tó ti gbè wá, ó jẹ́wọ́, níbi tí kò ti gbè wá, ó purọ́. Bàbá náà kì í ṣe aláìgbọ́n o. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìlú rẹ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Kí ni ọ̀bẹ rí tó fi pọ̀ báyìí nínú ọ̀rọ̀ ìwé lásán? Ìwé kì í ṣe ohun lásán láyé ìgbà náà. Ní 1903, nígbà tí ìjà wà lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ́ lè dé adé, Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Olúbùṣe àkọ́kọ́ wá sí Èkó láti sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí adé. Ẹnu ni wọ́n fi jẹ́rìí ìyẹn. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1930 sí i, àwọn ọ̀gá òyìnbó agbègbè ti ń kọ ìròyìn nípa ìlú kọ̀ọ̀kan: níbo ni ẹ ti wá? Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Ta ló ń sin ta? Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu ìlú tí kóòtù yóò wà, ọba tí yóò ga ju èkejì lọ, ibi tí owó orí yóò máa lọ. Bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ bá wà nílẹ̀ tó ti sọ pé ìwọ ń sin lágbájá, kí ló kù tí ìwọ yóò sọ fún òyìnbó tó jókòó pẹ̀lú bírò lọ́wọ́? Ìwé náà ti ṣáájú ẹ dé ọ́fíìsì.

Ohun mìíràn tún wà tí ó lágbára ju ti ọ́fíìsì lọ. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo lọ bá bàbá arúgbó kan ní Ọ̀wọ̀ pé kí ó sọ ìtàn Ọ̀ṣọ́gbóyè fún mi bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó ní kí n dúró. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé Egharevba jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀.

Mo ní, ‘Bàbá, ṣé ìwé tí ẹ máa ń bú yìí náà kọ́?’

Ó ní, ‘Òun ni. Jókòó, ibi tó ti purọ́ ni mo fẹ́ fi hàn ẹ́.’

Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá ka gbólóhùn kan, á sọ èsì tiwa. Á tún ka òmíràn, á tún sọ èsì. Nígbà tí mo délé ni mo wá ronú sí i. Ìtàn tí bàbá náà sọ fún mi, ti Ọ̀wọ̀ ni, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n bí ìwé Egharevba ṣe tò ó ni bàbá náà ṣe tò ó. Ibi tí ìwé kò bá ti sọ̀rọ̀, òun náà kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìwé tó kórìíra ló di ọ̀pá tó fi ń rìn. Èyí dùn mí ju ‘irọ́’ tí wọ́n ń pè é lọ, nítorí ta ni yóò bá wa wá àwọn ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un tí kò sí nínú ìwé náà láti jà sí?

Ní ti òtítọ́ àárín Ọ̀wọ̀ àti Bìní, ilẹ̀ àti ohun ọwọ́ ti sọ díẹ̀. Àgbàlá inú ààfin Ọlọ́wọ̀, ‘ugha’ ni a ń pè é, ọ̀rọ̀ tó bá ti Bìní tan. Aṣọ orùfanran tí àwọn ìjòyè ńlá ń wọ̀ àti idà àpẹ́, ẹni tó bá ti rí ti Bìní yóò mọ̀ pé wọ́n ti pàdé ara wọn. Robin Poynor, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ ní àwọn ọdún 1970, kọ̀wé lórí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà lọ, ó sì bọ̀. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn ìwé àti àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní ìlú òyìnbó fi ń kọ ‘Benin’ sí ara gbogbo eyín erin gbígbẹ́ tó bá ti ẹkùn wa jáde. William Fagg ti British Museum wà lára àwọn tó kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ọwọ́ Ọ̀wọ̀ wà lára púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni Ekpo Eyo, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, wá gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Ọlájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971. Àwọn orí alámọ̀ jáde, ẹkùn alámọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu jáde, ọjọ́ orí wọn sì lọ sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan nínú wọn jọ ti Ifẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi pè é ní Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo ìhà Bìní. Nígbà tí ìwé Treasures of Ancient Nigeria jáde ní 1980 pẹ̀lú àfihàn tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, Ọ̀wọ̀ ní ààyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, òun pẹ̀lú Nok, Igbo-Ukwu, Ifẹ̀ àti Bìní. Mi ò tí ì gbọ́ ará Ọ̀wọ̀ tó bú ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, nítorí kì í ṣe ìwé ìtàn nìkan ni àwọn ènìyàn wa ti bínú sí. Ní 1952 ni Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ ìránṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ló kọ ọ́. Dylan Thomas, akéwì ńlá ni Wales, yìn ín títí. Ṣùgbọ́n ní 1954, àwọn ọ̀mọ̀wé wa kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa. Ẹnì kan ní kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rárá. Adéagbo Akínjógbìn, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà tó sì padà di ògbóǹkangí onítàn, ní àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó sọ ohun tí wọ́n ti fẹ́ gbà gbọ́ nípa wa. Àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tini, àti pé ara Fágúnwà ló ti jí nǹkan mú. Ìwé tí ó kún fún iwin àti òkú, tí kò dárúkọ ìlú ẹnikẹ́ni, tí kò gba adé lórí ọba kankan! Kí ló wá ń bí wọn nínú? Mo rò pé ohun kan náà ni. Wọ́n ń kà á, wọ́n sì mọ̀ pé ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn wọn tó ń bá wọn kà á, tí yóò sì fi ohun tó kà níbẹ̀ díwọ̀n gbogbo wa.

Ní àkókò kan náà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n fi Mister Johnson tí Joyce Cary kọ ní 1939 kọ́ kíláàsì Chinua Achebe. Òyìnbó tó ń kọ́ wọn rò pé wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀. Achebe sọ nígbà tó yá pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun dìde, ó ní ibi kan ṣoṣo tó dùn mọ́ òun nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Things Fall Apart jáde ní 1958, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ọ̀wọ̀ náà kọ tirẹ̀. Ní 1951, láyé Ọlọ́wọ̀ Olátẹ̀rù Ọlágbẹ̀gí kejì, Olóyè M. B. Ashara kọ ìtàn Ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú ṣe mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Johnson ni, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì Egharevba. Òjúgbẹ̀lú rí ibi jókòó. Láti ìgbà náà, kò sí onítàn tó fẹ́ kọ nǹkan nípa Ọ̀wọ̀ tí kì í wá Ashara kiri. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè sọ pé ó gbè sẹ́yìn ìlú rẹ̀. Ta ni Johnson gbè sẹ́yìn? Ta ni Egharevba gbè sẹ́yìn?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀, àfi ìgbà tó di 2004. Ọba Erediauwa ti Bìní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, I Remain, Sir, Your Obedient Servant. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé Odùduwà gan-an, ọmọ ọba Bìní ni, Ekaladerhan tó sá kúrò nílé tó sì dé Ifẹ̀. Ha! Ilẹ̀ gbóná. Ọọ̀ni Síjúwadé fèsì láti Ifẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn tó ń pariwo ní Èkó àti Ìbàdàn, ìjà àgbà méjì ni wọ́n rí. Àwa ará Ọ̀wọ̀ rí nǹkan mìíràn. Bí Odùduwà bá jẹ́ ọmọ Bìní, tí Òjúgbẹ̀lú sì jẹ́ ọmọ Odùduwà, a jẹ́ pé ohun tí a fi ń dá Bìní lóhùn láti ọjọ́ yìí wá ti di ohun tó sọ wá di ọmọ Bìní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀wọ̀ sọ pé òun kò mọ èyí tí òun ì bá yàn, kí wọ́n gbàgbé àwọn bíi ti Johnson, tàbí kí wọ́n rántí àwọn báyìí. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Egharevba, tí ìbátan bàbá mi fi pẹ́ńsù gún, ni àwọn ará wa sáré lọ mú jáde. Wọ́n ní ọmọ Bìní fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé láti Ifẹ̀ ni ọba wọn ti wá. Ìwé tí a kórìíra fún àádọ́rin ọdún di ẹlẹ́rìí wa.

Mo ti sọ ti ilé bàbá mi. Ó ku ti ìyá mi.

Ìfọ́n ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n láyé òyìnbó, abẹ́ Ẹkùn Ọ̀wọ̀ ni Ìfọ́n, Ìdóàní àti àwọn ìlú tó kù wà. Nígbà tí mo bá ń fi ìwé Ashara yangàn ní Ìfọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan máa ń wò mí bí ẹni tó rí ọmọ tó ń fi aṣọ àyálò ṣe fáàrí. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ẹ bínú pé Johnson kò dárúkọ yín. Ẹ bínú pé Egharevba ní ẹ ń sin Bìní. Àwa ńkọ́? Nínú ìwé tiyín, àwa ni “àti agbègbè rẹ̀”.’ Mi ò ní èsì. Ẹ wo ìwé tó bá wù yín tó sọ̀rọ̀ nípa ẹkùn yìí: ‘Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀.’ Àwọn ìlú tó ní ọba, tó ní ọjà, tó ní orò tiwọn, gbogbo wọn wà nínú ‘àti’ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ tó kí onítàn fi ọdún mẹ́wàá ṣe. Ní Ìdóàní nìkan, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń sọ èdè Iyayu, èdè tó bá Ẹdó tan, láàárín ìlú tí àwọn yòókù ń sọ Yorùbá. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ta ló bá ta nílé? Ẹni tó bá ń jiyàn bóyá Bìní ṣẹ́gun Ọ̀wọ̀ tàbí kò ṣẹ́gun rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ jókòó ní Ìdóàní kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀. Ìtàn ọba méjì ni ìwé wa mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn tó ń gbé láàárín ọba méjèèjì, tí ọmọ ogun gba oko wọn kọjá lọ tó sì gba oko wọn padà bọ̀, wọn kò tí ì rí ẹni bi wọ́n léèrè dáadáa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ti ra ìwé àjákọ mẹ́fà, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìfọ́n, ó ń kọ ohun tí àwọn ìyá arúgbó bá sọ. Ó ka orí kìíní fún mi nígbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, ó dára, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Orí kejì, níbi tó ti fẹ́ sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ni kò tí ì parí. Àwọn àgbà àdúgbò kan ti gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ, wọ́n ti wá bá a nílé lẹ́ẹ̀mejì.